Ọwọ́ Òsì Tí Kò Mú Òwú Mọ́

Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ ohun tí mi ò mọ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ kọ, nítorí ẹni tó wà níbi tí mo wà nígbà náà, tí ọwọ́ rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ségesège, tó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Bí kíkà bá rẹ̀ yín, ẹ ṣáà kà á dé ibi tí mo ti dé ọjà Ìkọ̀tún. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí n ti mọ̀.

Ìgandò ni à ń gbé, nínú ilé tí a háyà. Ọkọ mi, Bàbá Tóbi, ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Èmi ń hun àpò: àpò tí wọ́n fi ń lọ sọ́jà, àpò Bíbélì, àpò tí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ń gbé kọ́ èjìká lọ síbi iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí tíṣà wa ní kí kálukú wá irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì láti inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere, kí a fi òkúta lọ orí rẹ̀ títí yóò fi mú ṣóńṣó. Irin yẹn ni abẹ́rẹ́ wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi ò gbàgbé. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi tí mo ti ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kógbá sílé, iṣẹ́ yẹn ni mo padà sí.

Ẹni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ méjì hun nǹkan mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ayé ń rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló ń di iṣẹ́ mú. Lọ́wọ́ tèmi, òun ló mọ bí òwú ṣe máa le tó. Bó bá fà á jù, àpò á sún kì. Bó bá dẹ̀ ẹ́ jù, ojú ìhun á là, kọ́kọ́rọ́ á sì jábọ́ láàárín rẹ̀. Ènìyàn ò lè kọ́ èyí fún ẹnì kejì rẹ̀. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló ń mọ̀ ọ́n.

Obìnrin tíṣà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ló ní kí n hun àpò ńlá kan fún òun, aláwọ̀ ewé. Mo hun ún dé ìdajì, mo nà án sórí itan mi, mo rí i pé apá kan gún régé, apá kejì là gbàgà bí àwọ̀n apẹja. Mo tú u. Mo tún un hun. Ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ọrùn mi máa ń wúwo bí ẹni pé mo ru omi, abẹ́rẹ́ òsì sì ń já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń lo oògùn orí fífọ́, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Àwa tí à ń hun nǹkan, wúlù, òwú tí a fi ń hun, la kọ́kọ́ máa ń bá wí. Wúlù ò dáa. Wúlù ń yọ̀. Wúlù ti gba oòrùn jù ní ṣọ́ọ̀bù. Kò wá sí mi lọ́kàn pé kí n bá ọwọ́ mi wí.

Mo gbé wúlù náà, mo kọrí sí ọjà Ìkọ̀tún. Ìyá Ìbejì ni à ń pe obìnrin tó ń tà á fún mi.

"Ìyá Ìbejì, kí lẹ fún mi yìí? Wúlù yìí ń yọ̀ bí ilá."

Ó gbà á, ó fà á láàárín ìka méjì, ó wò mí. "Mummy Tóbi, ẹ má bà mí lọ́jà jẹ́ láàárọ̀ o. Wúlù tí ẹ ti ń rà lọ́wọ́ mi láti èṣí nì yìí. Inú páálí kan náà ni mo ti mú un."

"Kì í ṣe òun."

"Òun ni, jàre! Àbí ojú ló ń dùn yín? Ẹ lọ ra jígí."

Obìnrin tó ń ta bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Jígí kẹ̀? Dádì Tóbi ni kò jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn."

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Èsì tó máa dùn ún dọ́kàn ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ahọ́n mi wúwo, ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó dà bí ìgbà tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ènìyàn. Ẹ̀rín kú lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ìyá Ìbejì fà mí jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi eyín já omi inú ọ̀rá fún mi. Mo mu ún, omi náà sì ń ṣàn jáde ní igun ẹnu mi, ọ̀tún ni tàbí òsì, mi ò mọ̀, mo kàn rí i pé àyà aṣọ mi tutù.

"Ṣé ẹ ti jẹun ṣá?" ó bi mí.

Mi ò lè dáhùn. Nígbà tó yá, ohun tó mú mi náà lọ. Bó ṣe dé náà ló ṣe lọ. Mo pe orúkọ ara mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó já gaara. Mo gbé ọwọ́ sókè, ó gbé. Ara mi yá débi pé mo tún ra wúlù mìíràn.

"Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ o," Ìyá Ìbejì wí.

"Oòrùn ni," ni mo fèsì, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sílé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí yìí kí ẹ gbọ́ mi. Dókítà tó tọ́jú mi lẹ́yìn náà sọ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni àìsàn kan ilẹ̀kùn. Ó ní nígbà tí irú rẹ̀ bá lọ fúnra rẹ̀, kò lọ síbì kan, ó ń bọ̀ ni. Bí ẹnu bá wọ́, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ pọ̀ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá ti lọ kí ẹ tó wọ bàtà. Ẹ má ṣe bíi tèmi, ẹ má ní oòrùn ni.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wé gèlè láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ ọ̀tún mú etí gèlè kan, ọwọ́ òsì kò wá. Mo wò ó. Ó wà lórí itan mi bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Mo rán an níṣẹ́, kò jẹ́ mi. Tóbi, ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọlé wá béèrè ìpara.

"Mọ́mì, ẹ yé e fi ẹnu yín ṣe bẹ́ẹ̀." Ó rò pé mò ń bá òun ṣeré. Lẹ́yìn náà ló pariwo. "Dádì! Dádì, ẹ wá o!"

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, èyí tí mi ò mọ̀ pé mo ní, nítorí mi ò jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó rí láti ìgbà tí mo ti bí Tóbi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Obìnrin ilé kejì gbé àdín wá, ó fẹ́ dà á sí mi lẹ́nu. Tóbi na ọwọ́ dí ẹnu mi. "Wọn ò lè gbé nǹkan mì, Mà! Ẹ má fún wọn!" Ọlọ́run ló lo ọmọ yẹn. Ọkọ mi ti pe ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Rẹ̀mí, lórí fóònù. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tí a ń ṣe nílé wa tí kò ní gbọ́ sí. Láti Ìjẹ̀gùn ló ti gun ọ̀kadà wá nínú sùtánà funfun rẹ̀, láìwọ bàtà, nítorí ilé àdúrà ló wà nígbà tí ìpè wọlé.

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ̀gbà ni. Wọ́n ta á ní nǹkan."

"Ilé ìwòsàn ni ká máa gbé e lọ, Àǹtí," ọkọ mi wí.

"Kí wọ́n lè gún un lábẹ́rẹ́? Bàbá Tóbi, irú èyí kì í gba abẹ́rẹ́ o! Bí abẹ́rẹ́ bá kan ara rẹ̀ báyìí, ó tán nìyẹn. Ṣé ẹ ò gbọ́ ti ọkùnrin àdúgbò wa tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ tó kú ni? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ná. Tí a bá tú u tán, ẹ gbé e lọ ibi tó bá wù yín."

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. A ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé àìsàn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kì í gba abẹ́rẹ́ òyìnbó. Mo rí i lójú ọkọ mi pé ẹ̀rù bà á. Kí n má purọ́, ó ba èmi náà. Bí mo bá lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ.

Ilé àdúrà ni wọ́n gbé mi lọ. Wọ́n tẹ́ mi sórí ẹní, wọ́n tan àbẹ́là yí mi ká, wọ́n gbàdúrà tọkàntọkàn. Mi ò ní bú wọn. Òógùn ń bọ́ lójú wọn nítorí mi. Lẹ́yìn náà, obìnrin aríran kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Mo rí ọwọ́ obìnrin yìí," ó wí. "Òwú ni wọ́n fi so ó. Òwú ni, ọ̀pọ̀ òwú!" Àǹtí mi kígbe, ó gbá orí mú, nítorí ta ni kò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe?

Nígbà tí ọjọ́ máa fi yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹsẹ̀ òsì mi náà ti lọ. Ọkọ mi tó ti jókòó sẹ́yìn láti àárọ̀ dìde. Kò pariwo. "Ẹ ṣeun," ó wí. "Mo fẹ́ gbé ìyàwó mi." Òun àti Tóbi ló gbé mi wọ ọkọ̀.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, wọn ò ní bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wò ó, wọ́n ní ká máa lọ kíákíá. Ní ìkejì, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tẹ́ aṣọ fún ọkùnrin kan lábẹ́ fèrèsé, ìyá arúgbó kan ń gbàdúrà pé kí wọ́n pe nọ́ḿbà òun. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, orí mi wà léjìká Tóbi. Ó rẹ̀ mí débi pé bí wọ́n bá ní kí n kú níbẹ̀, màá gbà, kí n ṣáà sùn. Nígbà tí dókítà dé ọ̀dọ̀ wa, ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

"Láàárọ̀," ọkọ mi wí.

"Àárọ̀ wo? Àárọ̀ òní? Ibo lẹ wà láti àárọ̀?"

Dókítà náà kò bú wa. Ó kàn mí èémí, ó ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe iyebíye jù, òun á sì ṣe èyí tó kù. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Mo di ojú, mò ń retí ikú. Ikú ò dé.

Bí owó ṣe ń lọ, mi ò ní kọ ọ́. Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn rí mọ̀ ọ́n. Fírísà wa ti kúrò nílé kí n tó padà débẹ̀. Mo padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí mò ń wọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń falẹ̀, àti ọwọ́ òsì tó sorọ̀ bí aṣọ lórí okùn.

Kò pẹ́ tí mo délé ni Àǹtí mi wá pẹ̀lú àpò ìdọ̀họ ńlá kan. Kò wá jà. Ó wẹ̀ mí bó ṣe máa ń wẹ̀ mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó fi ṣíbí bọ́ mi lẹ́kọ. Lẹ́yìn náà ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń kó wúlù sí.

"Fúnmi, o gbọ́ ohun tí aríran wí."

"Mo gbọ́, Mà."

"Kí la wá ń tọ́jú ìwọ̀nyí fún? Òwú ni wọ́n fi dè ẹ́. A máa sun wọ́n, á sì parí síbẹ̀."

Tóbi dìde. "Àǹtí àgbà, iṣẹ́ Mọ́mì ni o! Kí ni wọ́n á wá máa ṣe tí ara wọn bá yá?"

"Tóbi, jókòó," bàbá rẹ̀ wí. Ó gbé orí lé ọwọ́. "Ẹ máa kó wọn lọ jàre, Àǹtí. Bó bá jẹ́ ìyẹn ló máa fi gbogbo wa lọ́kàn balẹ̀."

Wọ́n bi èmi náà. Mo ní kí wọ́n kó wọn. Ènìyàn tí kò lè fi ọwọ́ rẹ̀ de bọ́tìnì, kò sí ohun tí ẹ ní kó sun tí kò ní sun. Ó kó wúlù, ó kó abẹ́rẹ́, ó kó àpò tí mo ti hun dé ìdajì. Mo ń wò ó. Mo rò pé bó bá sun wọ́n, tí ilẹ̀ sì mọ́, ọwọ́ á mira. Ilẹ̀ mọ́, ọwọ́ wà bó ṣe wà. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi wá rẹ̀ ju ara mi lọ.

Wọ́n ní kí n máa lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, àwọn tó ń tún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Ìlà wà níbẹ̀ náà, ìlà àwọn tó ń wọ́ ẹsẹ̀. Obìnrin tó ń mójú tó mi fún mi ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kí n máa fún un. Ó ń já bọ́, Tóbi ń ṣà á. Ní ọjọ́ kan ó sú mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sílé.

"Mà, iṣẹ́ wo lẹ máa ń fi ọwọ́ yín ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Mò ń hun àpò."

"Àpò! Ẹ mú un wá nígbà mìíràn, òun la máa fi ṣe é."

"Wọ́n ti sun ún."

Ó wò mí, ó wo Tóbi. Kò bi mí ta ni. "Ẹ wá òwú díẹ̀ mìíràn," ó wí. "Ẹ má tíì mú abẹ́rẹ́. Ṣé ohun kan wà tí ẹ lè fi ìka lásán hun?"

Ó wà. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí a ò lè fún ní abẹ́rẹ́ ni. Ẹ ó lọ́ òwú láàárín ìka ọwọ́ kan, síwá, sẹ́yìn, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ kejì gbé ojú òwú ìsàlẹ̀ kọjá lórí ìka kọ̀ọ̀kan. Ìka tí ó kàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí òwú lè bọ́. Okùn ló máa ń di, èyí tó dára fún ọwọ́ àpò. Tóbi lọ bá Ìyá Ìbejì. Ìyẹn fún un ní wúlù tó rà, ó tún fi ọ̀kan lé e. "Sọ fún mọ́mì ẹ pé eléyìí ò yọ̀ o," ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rẹ́rìn-ín nìyẹn, ẹ̀rín náà sì wọ́ sápá kan.

Mo ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ní pálọ̀, màá fi ìró bo ọwọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n rí, pé èmi ni mò ń so ara mi padà. Mo tún ń bẹ̀rù pé bí mi ò bá so ó, kò ní jí mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń bá ìka kọ̀ọ̀kan tẹ̀, bí ẹni ń ká ẹsẹ̀ òkú ẹyẹ. Ó pẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń lọ́ òwú, ọmọńdinrín tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò rán an níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí Àǹtí mi ká mi mọ́ ọn, Tóbi ti ṣílẹ̀kùn fún un láìsọ fún mi.

"Olúwa mi o! Fúnmi! Kí lo so mọ́wọ́?" Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni rí ejò. "Ohun tí wọ́n rí gan-an rèé! Òwú lọ́wọ́ òsì! Ìwọ fúnra ẹ!"

"Àǹtí, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Tóbi, mú sísọ́ọ̀sì wá!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó ná."

Mo tẹ ọmọńdinrín, òwú bọ́ kúrò lórí rẹ̀. Mo tẹ èyí tó tẹ̀lé e. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó tẹ̀. Àǹtí mi tẹjú mọ́ ìka náà.

"Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo ṣe é. Ó sún mọ́ mi, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó di ìka náà mú bí ẹni di ìka ọmọ tuntun mú. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń so ó, Mà."

Kò sọ pé aríran purọ́. Èmi náà ò sọ ọ́. Ó yọ ìgò omi àdúrà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ́n ọn sí ọwọ́ mi, ó wọ́n ọn sí wúlù, gbogbo rẹ̀ tutù. "Má so ó le jù," ó wí, "kí ẹ̀jẹ̀ lè máa débẹ̀. Mi ò ní sọ fún wọn nílé àdúrà." Ní ti èyí tó sun, kò mẹ́nu kàn án títí dòní.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó. Ó ń sú mi. Àwọn ènìyàn ń sọ pé yóò ba kíndìnrín mi jẹ́, wọ́n ń gbé àgbo wá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ń dúpẹ́, mo ń bi dókítà kí n tó mu ohunkóhun, èyí tó bá ní kí n má mu, mi ò ní mu ún. Obìnrin kan wà tí a jọ ń tò síbi físíò, ara rẹ̀ tètè yá ju tèmi lọ. Nígbà tó rí i pé òun lè rìn lọ sọ́jà, ó fi oògùn sílẹ̀. Wọ́n ti sin ín.

Bí mo ṣe wà lónìí nìyí. Mò ń rìn, ẹsẹ̀ ń wọ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi já gaara àfi tó bá rẹ̀ mí, ó sì máa ń rẹ̀ mí. A ti dín iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀, Bàbá Tóbi ń ráhùn ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́. Bí mo bá sùn lé ọwọ́, tó kú tipiri, àyà mi á já, màá pe Tóbi kó wá wo ẹnu mi. Ó ti sú ọmọ náà. "Mọ́mì, ẹnu yín gún," á wí, á sì tún wá nígbà mìíràn tí mo bá pè é. Mo ti lè mú abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ onígi tó nípọn. Ọwọ́ òsì ń mọ líle òwú díẹ̀díẹ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìlà díẹ̀ ni mò ń hun lójúmọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì máa ń gbé e sílẹ̀ nígbà náà. Mi ò fi ipá mú un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan láti Akówonjó pè mí pé òun fẹ́ àpò tí òun á máa gbé lọ síbi iṣẹ́. Mo sọ fún un pé ara mi ò yá tẹ́lẹ̀, pé mo ń lọ́ra. Ó ní kò burú, ọjọ́ wo ni kí òun wá gbà á?

"Mi ò mọ̀, Mà."

"Ẹ ṣáà dá ọjọ́ kan, kí n lè fọkàn sí i."

Mo ní kó lọ bá ẹlòmíràn bó bá ń kánjú. Ó ní òun máa dúró. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò dá ọjọ́ fún un.